Àwọn Agogo Tí Kò Ní Ahọ́n

Ọ̀sán gangan ni Théodore ní kí Cosme wá. Ó ní òru ti bàjẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde pé òun yóò fa àjẹ́ àti olóògùn tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ìṣọ́ ti ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹnu ọ̀nà onílé wò láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá dúró sán-ún lórí òkè, tí àpáta gbóná débi pé aláǹgbá ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí ó tó gbé èkejì sílẹ̀, ta ni yóò jókòó máa ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀?

Cosme gbé alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ìdí igi mángòrò kan lẹ́yìn abúlé Akofodjoulè, ó fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù. Ó há nǹkan kan tó wé sínú bébà mọ́ abíyá rẹ̀. Òógùn bò ó, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ tutù.

Gbogbo Akofodjoulè ló mọ Théodore sí ẹni tó ń lu agogo ilé àdúrà àwọn Kátólíìkì. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ yàrá tó wà lẹ́yìn àká iṣu rẹ̀. Ọkùnrin náà kò ní kí Cosme jókòó.

“Kí lo mú wá?”

“Gèlè Lucienne ni, Bàbá. Èyí tó wé lọ́jọ́ ọjà Glazoué. Òógùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.”

Théodore gbé gèlè náà símú. “Ṣé kí ó kú ni?” Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tó ń bi àlejò bóyá iyọ̀ tó nínú ọbẹ̀.

“Háà! Rárá o, Bàbá! Ohùn rẹ̀ nìkan.”

“Ohùn nìkan.” Théodore rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mú agogo kékeré kan jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ pẹpẹ máa ń mì nígbà Máàsì. Ó ki ìka bọ inú rẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì fa ahọ́n rẹ̀ yọ bí ẹni ń fa eyín ọmọdé. Ó ki gèlè náà bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi kún. Lẹ́yìn náà, kí Cosme tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti já bọ́tìnnì kan lára ṣẹ́ẹ̀tì Cosme.

“Èyí ńkọ́, Bàbá?”

“Kí iṣẹ́ lè mọ ẹni tó rán an. Ọ̀dọ̀ mi ni agogo yóò wà. Ní ọjọ́ keje-keje, wá lọ́sàn-án, dúró lẹ́yìn ògiri yìí, kí o kọ orin kan sí i. Ohun tí a bá dè gbọ́dọ̀ jẹun.”

*

Lucienne tí wọ́n ń bá jà yìí, òun ló kọ́ Cosme ní orin. Nígbà tí ọmọkùnrin náà ń fi agolo àti wáyà ṣe gìtá kiri ìgboro Dassa, òun ló mú un lọ́wọ́ wọ inú ẹgbẹ́ olórin àgbègbè, ẹgbẹ́ tí ìjọba ń bọ́. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi jọ ṣeré. Lucienne ní ń kọrin. Cosme ní ń ta gìtá lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ Lucienne ni èrò ń pè.

Lọ́jọ́ ọjà kan ní Glazoué, láàárín orin, Lucienne da ìlù dúró, ó sì sọ sínú míkírò pé: “Wọ́n ní ká fi àjẹ́ hàn. Ìyá arúgbó tí kò lọ́mọ tí yóò gbèjà rẹ̀ nìkan ni mo ń rí tí wọ́n ń mú. Èmi ò mọ àjẹ́. Mo mọ ìyà.”

Àtẹ́wọ́ bú gbàù láàárín ọjà.

Lọ́jọ́ kejì, Kámárádì Sylvestre, ọ̀gá àgbègbè, ránṣẹ́ pe Cosme pé kí ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Cosme ní ìkọ̀wé tó dára. Ó kọ gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan. Ó tún fi díẹ̀ kún un.

Wọ́n pe Lucienne, wọ́n ní kò ní iṣẹ́ mọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, “Kámárádì, orin lẹ bẹ̀ mí níṣẹ́ rẹ̀. Èrò ọkàn mi kò sí nínú àdéhùn. Bí àgbẹ̀ bá bú olóyè, ṣé wọ́n á gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni?”

Sylvestre ní, “Ìjọba ló ra gìtá, òun ló ra míkírò. Ẹnu tó ń jẹ nínú àwo wa kò gbọdọ̀ tutọ́ sínú rẹ̀.”

Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí jọ ọgbọ́n létí Cosme. Wọ́n fi í sí ipò Lucienne. Ṣùgbọ́n níbikíbi tó bá ti ṣeré, ẹnìkan yóò kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Lucienne dà?” Obìnrin náà sì ń jókòó sí ojúde ilé rẹ̀, ó ń pa ẹ̀pà, ó ń kọrin, àwọn èrò ń pagbo yí i ká lófẹ̀ẹ́. Ìyẹn ló gbé Cosme dé Akofodjoulè.

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Lucienne, lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni Cosme tó gbọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ọjọ́ kẹta tí Cosme lọ bá Théodore ni. Àwọn obìnrin mẹ́fà ń bá a pa ẹ̀pà. Ó gbé orin, wọ́n gbè é. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ já, bí okùn kànga tí ń já nígbà tí korobá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Lucienne kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wúkọ́, ó tún la ẹnu. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde, bí afẹ́fẹ́ tí ń gba ihò ògiri kọjá. Ó gbé ọwọ́ lé ọrùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Àwọn obìnrin náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọn ẹ̀pà kúrò láṣọ, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó dágbére.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn fi ṣíbí tẹ ahọ́n rẹ̀, ó wo ọ̀fun títí, kò rí egbò, kò rí kókó.

Ni wọ́n bá lọ pe Suzanne wá láti Lèma. Àbúrò ìyá-ìyá Lucienne ni Suzanne, arúgbó tó tẹ̀ kórókóró, tó mọ ewé tí aboyún ń mu àti èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Kò béèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ó gbé etí lé ọrùn Lucienne, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí òjìji igi fi kúrò lára wọn.

“Kò kú,” ni ó wí níkẹyìn. “Wọ́n gbé e pamọ́ ni. Ẹni tó mọ òórùn ara rẹ ló gbé e.”

*

Ní ọjọ́ keje àkọ́kọ́, Cosme dúró lẹ́yìn ògiri yàrá Théodore, ó kọ orin iṣu tuntun. Ó kọ ọ́ tán, ó gbọ́ nǹkan kan nínú yàrá, bí ẹni ń mí èémí ìtẹ́lọ́rùn. Ó bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé, èrò ní kí ó kọ orin náà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n lórí gìtá. Ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó ti parẹ́ lọ́kàn rẹ̀ bí ojú ẹni tí a rí lójú àlá. Ó ní ó rẹ òun.

Lọ́jọ́ keje kejì, orin ìsìnkú kan lọ. Lọ́jọ́ keje kẹta, ó ronú pé kí òun fún un ní orin tí kò níye lórí, ó sì kọ orin kékeré tó máa ń fi rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún. Nígbà tó délé, Justine ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ tó ń ké fún un.

“Kọ tirẹ̀ fún un.”

“Èwo ni tirẹ̀?”

Justine rò pé eré ni. Ó kọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Létí Cosme, ó dà bí èdè ìlú tí kò dé rí. Ọmọ náà dákẹ́ ẹkún, ó tẹjú mọ́ bàbá rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀ pé kí ó wá gba òun.

Láti ọjọ́ náà ni ìjókòó kò ti gbà á mọ́, tí ìdúró kò sì gbà á. Ní ọ̀sán, èèrà tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ wọ inú gìtá rẹ̀, wọn kò sì jáde. Okùn tó nípọn jù lọ ń dún fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ajá Lucienne wá dùbúlẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Kò gbó, kò jẹ egungun tí wọ́n sọ sí i. Ó ń wò ó ṣáá.

Ó sáré lọ bá Théodore.

“Arúgbó Lèma ni,” ni ọkùnrin náà wí, kò gbójú sókè. “Òun ló ń kó orin rẹ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ.”

“Bàbá, ẹ tú u! Ẹ tú ohùn náà sílẹ̀, n kò ṣe mọ́.”

“Ẹni tó bá tú u níwájú ọ̀tá, ọ̀tá á wọlé. Máa kọrin tìrẹ. Àwọn tó jù mí lọ á bá ọ mú arúgbó náà kúrò.”

*

Kò pẹ́ tó mọ àwọn tó ju Théodore lọ.

Ọjọ́ àjọ̀dún ìjọba, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá, ku ọ̀sẹ̀ kan. Kámárádì Sylvestre pe Cosme sí bùrò, ibi iṣẹ́ rẹ̀, láàárọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì na bébà kan sí i. Orúkọ márùn-ún ló wà lórí rẹ̀, gbogbo wọn obìnrin, gbogbo wọn arúgbó. Ìkarùn-ún ni Suzanne, ará Lèma.

“Fi wọ́n sínú orin. Bí o bá ti ń dárúkọ wọn, àwọn ọ̀dọ́ á máa mú wọn. Èrò gbọ́dọ̀ rí i pé orin ló tú wọn fó, kì í ṣe ọlọ́pàá.”

“Kámárádì, kí ni wọ́n á ṣe fún wọn?”

“Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin.”

Cosme wo bébà náà. Bí Suzanne bá lọ, orin rẹ̀ á padà. Ìsinmi á dé. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Kí ló dé tí kò dùn?

“Kámárádì, olórin lásán ni mí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni Lucienne náà wí.” Sylvestre nawọ́ kọjá tábìlì láti gbá a léjìká. Apá aṣọ rẹ̀ fà sókè. Cosme rí i: ìfúnpá aláwọ dúdú, tó le mọ́ ẹran ara, tí ẹ̀jẹ̀ tútù ṣì ń dán lára owó ẹyọ mẹ́ta tí wọ́n rán mọ́ ọn.

Ọkùnrin tó ń jó igbá olóògùn níná ní gbangba ọjà! Sylvestre rí ibi tí ojú rẹ̀ wà. Ó rọra fa apá aṣọ náà wálẹ̀, ó dè é ní bọ́tìnnì.

“Ẹni tó bá rí púpọ̀,” ni ó wí jẹ́jẹ́, “kí ó má sọ púpọ̀.”

*

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àjọ̀dún, nígbà tí oòrùn wà láàárín orí, Suzanne fúnra rẹ̀ wọ ojúde Cosme. Òun nìkan ló wá, pẹ̀lú ọ̀pá. Ajá tó dùbúlẹ̀ dìde fún un. Ó jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, ó tọrọ omi. Justine bù ú fún un. Ó mu ìdajì, ó na ìyókù sí Cosme.

Cosme kò gbà á.

“O bẹ̀rù mi,” ni arúgbó náà wí.

“Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orin mi padà.”

“Orin rẹ kò sí lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kẹta tí ohùn ọmọ mi lọ ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Mo po ohun tí n bá dá padà sí ọ. Ó ti wà nínú ìkòkò, ó ku iná. Lucienne ló dà á nù.” Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú ìwé kékeré kan jáde. “Kò lè sọ̀rọ̀, ó kọ ọ́. Ka ohun tó wà níbẹ̀, èmi ò mọ̀ ọ́n kà.”

Cosme mọ ìkọ̀wé náà. *Ìyá àgbà, ẹ má ṣe é. Cosme ní ọmọ kékeré.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ìyá àgbà,” ni ó wí, “ṣé àjẹ́ ni yín?”

“Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣé ìwọ á gbà? Tí o bá gbà, ṣé àwọn tó ń bọ̀ wá mú mi á gbà?” Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. “Mo ti gbọ́ pé orúkọ mi wà nínú bébà. Bi ẹni tó ní kí o máa bọ́ agogo léèrè ibi tí orin rẹ ń lọ.”

*

Cosme kò dúró de ọjọ́ kejì. Ní Akofodjoulè, ọkọ̀ bùrò Kámárádì Sylvestre wà níwájú ilé Théodore. Ó gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin méjì láti inú ilé, àti ìró abọ́. Wọ́n ń jẹun. Ó gba ẹ̀yìn àká, ó ti ilẹ̀kùn yàrá kékeré náà ṣí, ó wọlé.

Òkùnkùn kọ́kọ́ bò ó lójú. Lẹ́yìn náà ni ó rí wọn.

Agogo ni, agogo kéékèèké, lórí pákó gígùn, ìlà mẹ́ta. Wọ́n ju ogójì lọ. Kò sí èyí tó ní ahọ́n. Aṣọ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: etí gèlè, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì olùkọ́, fìlà, aṣọ tí wọ́n fi ń wé ọmọ jòjòló. Ó mọ díẹ̀ nínú wọn. Fìlà yẹn, ti akéwì àgbà tó dákẹ́ lójijì lọ́dún tó kọjá ni. Wọ́n ní ẹ̀gbà ló gbé e. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo àgbègbè náà ló wà lórí pákó yẹn. Inú yàrá ń mí.

Ní ìpẹ̀kun ìlà kẹta, gèlè Lucienne. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, agogo tuntun kan tí kò tíì kún. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì Cosme wà nínú rẹ̀. Nígbà tó gbé etí sún mọ́ ọn, ó gbọ́ orin tó ń rẹ ọmọ, ó ń lọ, ó ń bọ̀, jìnnà réré.

Ilẹ̀kùn ilé dún. Ẹsẹ̀ ń bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà lórí agogo tirẹ̀. Ó ti gbé e kúrò lórí pákó. Nígbà tó na ọwọ́ òsì sí ti Lucienne, gbogbo agogo tó wà lórí pákó mì lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò dún, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kú dé èjìká. Ó gbìyànjú, apá kọ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀kan ni yàrá náà á jẹ́ kí òun mú jáde.

Ẹsẹ̀ ti dé ìdí àká.

Cosme dá tirẹ̀ padà sórí pákó. Ẹ̀jẹ̀ padà sí apá rẹ̀. Ó gbá gèlè àti agogo Lucienne mọ́ àyà, ó gba ihò kan lára ògiri ẹ̀yìn jáde, ó sì sá láàárín àpáta títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bó.

Lèma ló gbà lọ tààrà, níbi tí Suzanne ti mú Lucienne sọ́dọ̀. Suzanne gba agogo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú gèlè náà, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó wé e mọ́ ọrùn Lucienne. Lucienne la ẹnu. Kò sí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ lásán. Ó wo Cosme láti òkè délẹ̀, ó sì wọ inú ilé lọ.

*

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ọyẹ́ bo orí àwọn òkè. Àwọn ọmọ iléèwé tò, àsíá ń fẹ́, èrò láti Lèma dé Glazoué kún pápá. Wọ́n ti mú àwọn ìyá arúgbó márùn-ún jókòó síwájú lórí bẹ́ǹṣì kan. Wọ́n sọ fún wọn pé ọlá ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó mú kùmọ̀ dúró lẹ́yìn wọn.

Ìlù bẹ̀rẹ̀. Cosme mú míkírò. Ó wo ìyá àkọ́kọ́ lórí bẹ́ǹṣì náà. Ìyá náà ti wẹ̀, ó ti kun àtíkè, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Cosme gbé ọwọ́ sókè. Ìlù dákẹ́.

“Wọ́n fún mi ní orúkọ márùn-ún láti kọ lórin,” ni ó wí. “N kò ní kọ wọ́n. Èmi Cosme ni mo kọ lẹ́tà tó lé Lucienne níṣẹ́. Ohun tó sọ ní Glazoué kò dùn mí. Ipò rẹ̀ ló wù mí. Mo gbà pé ẹni tí ìjọba ń bọ́ kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ wo ibi tó gbé mi dé. Bí ẹ bá ń wá olóògùn, ẹ lọ yẹ ẹ̀yìn àká Théodore wò ní Akofodjoulè, kí ẹ sì ní kí Kámárádì ká apá aṣọ…”

Ọ̀rọ̀ náà gé. Àwọn kan ní wáyà míkírò ni wọ́n fà yọ. Cosme nìkan ló mọ̀ pé nǹkan kan kọjá lọ́fun òun bí ìka tútù, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì fà á yọ bọ inú agogo tó dá padà sórí pákó.

Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Sylvestre ti dìde, ojú rẹ̀ dúdú bí àpáta tí iná jó. “Ẹ mú un!”

Àwọn ọ̀dọ́ fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀, wọ́n dà bo Cosme.

Nígbà náà ni ohùn kan gbéra láti ẹ̀yìn pátápátá, láàárín àwọn obìnrin. Ó kọ́kọ́ há, ó ya, ó sì ń là sókè bọ̀ títí ó fi dé ara òkè, tí òkè sì dá a padà.

“Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀!”

Lucienne ni.

“Ẹ jẹ́ kó parí!” Obìnrin kan gbà á. Mẹ́wàá gbà á. Gbogbo pápá gbà á, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn sì ń yí lọ sí apá aṣọ Kámárádì, tó fi ọwọ́ kejì di í mú pinpin. Nínú rògbòdìyàn náà, àwọn kan gbé àwọn ìyá márùn-ún nílẹ̀, wọ́n sì gba àárín àgbàdo lọ.

*

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi Cosme sí àtìmọ́lé. Nígbà tó jáde, wọ́n ti gbé Sylvestre lọ sí ìlú míràn, kò sí ẹni tó sọ ìdí. Àwọn tó lọ yẹ ẹ̀yìn àká Théodore wò bá yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá mọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì sí. Kò sí ẹni tó rí agogo kan. Suzanne padà sí Lèma.

Lucienne kò gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Wọ́n ní kí ó wá tọrọ àforíjì lórí míkírò, kí wọ́n lè gbà á. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ ní Glazoué, òun á tún un sọ bí wọ́n bá fún òun ní míkírò náà. Ibi ìgbéyàwó àti ìsìnkú ló ti ń kọrin báyìí.

Cosme ń ro oko. Ohùn rẹ̀ kò padà. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á fi ẹnu kan etí ènìyàn, á mí i sí i létí. Gìtá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀ kan, Lucienne yọ sí ojúde rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Justine gbé àga fún un, kò jókòó.

Cosme sún mọ́ ọn, ó mí ọ̀rọ̀ sí i létí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti dárí jì mí?”

“Rárá,” ni Lucienne wí. “Lọ́jọ́ tí mo bá dárí jì ọ́, màá wá sọ fún ọ. Ìgbéyàwó kan wà ní Glazoué lọ́la, a ò ní onígìtá. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ.”

Ó yí padà, ó ń lọ, kò wẹ̀yìn. Cosme wọlé lọ gbé gìtá, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì tẹ̀lé e.